Ìgò Wàrà Inú Fìríìjì Àwọn Tíṣà

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti ń fún omi ọyàn sílẹ̀ fún ọmọ mi nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó dùn ún gbọ́ ju báyìí lọ. Ilé ìwé aládàáni kan ní apá Òkè-Ògbó, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ni mo ti ń ṣe tíṣà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwa obìnrin wà lẹ́yìn kíláàsì tó gbẹ̀yìn, yàrá kótópó kan tí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ sí. Omi kì í yọ nínú ẹ̀rọ ibẹ̀. Garawa la fi ń bu omi nínú dúróọ̀mù tó wà níta, ẹni tó bá sì ń kánjú kì í bu èyí tó máa tó. Bí mo bá wọlé, màá fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀kùn nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń há a ti bàjẹ́, màá ṣí bọ́tìnnì àyà bùláòsì mi, màá wá máa fún ọmú sínú ìgò, tí màá sì máa fi ẹnu mí. Eṣinṣin ńláńlá á máa kùn létí mi. Nígbà mìíràn, ìgbẹ́ ẹlòmíràn á ṣì wà nínú àwo níwájú mi, kò lọ. Oúnjẹ ọmọ mi ni mo ń pèsè níbẹ̀.

Oṣù mẹ́rin péré ni ọmọbìnrin mi, àkọ́bí mi, nígbà tí ìsinmi ìbímọ mi parí. Nọ́ọ̀sì tó máa ń bá wa sọ̀rọ̀ níbi tí a ti ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ti sọ fún wa pé omi ọyàn nìkan ni kí ọmọ máa mu títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà, ì báà jẹ́ pé ìyá ń lọ síbi iṣẹ́. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń fi ọwọ́ fún un, bí a ṣe ń fi omi híhó se ìgò, bí a ṣe ń gbé e sínú fìríìjì. Kò sọ ibi tí a ó ti máa jókòó fún un. Èmi náà kò ronú kan án.

Ìyá ọkọ mi ló ń bá mi mú ọmọ, ní agbo ilé wọn ní Ìrẹmọ tí gbogbo wa jọ ń gbé. Ní àràárọ̀, màá gbé ọmọ fún wọn pẹ̀lú ìgò tí mo fún ní ọjọ́ tó ṣáájú, màá sì gun ọ̀kadà lọ. Àwọn náà kò fẹ́ràn ìgò yẹn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n gbé e sókè sí ojú fèrèsé, wọ́n ń yí i wò. Ọ̀rá ti léfòó sókè, ìyókù wá dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì.

"Èyí ni ọmọ máa mu?"

"Òun ni, mà. Omi ọyàn mi ni."

"Mo mọ̀ pé omi ọyàn ni. Ọmọ méje ni mo fi ọmú tọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí èyí tó sùn níta kó tó dẹ́nu ọmọ rí." Wọ́n gbé ìgò náà súnmọ́ imú, wọ́n tún gbé e jìnnà. "Níbo lo tilẹ̀ ti ń fún un?"

"Yàrá kan wà níbẹ̀, mà."

Irọ́ kọ́ o, yàrá ni. Ṣùgbọ́n ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú wọn. Wọ́n fi ìgò náà sínú omi gbígbóná kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n sì ń fi ṣíbí bu ún sí ọmọ lẹ́nu, àwọn fúnra wọn á wá ṣe ojú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ibi iṣẹ́, kò pẹ́ tí àṣírí mi fi tú. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì lọ́jọ́ kan nígbà tí ọmọ ìkókó kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú ilé tó wà lẹ́yìn ọgbà wa. Kì í ṣe ọmọ mi, ṣùgbọ́n ọmú mi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rí i tí àwọn ọmọ ń wo àyà mi, tí wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú ló sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Àǹtí, aṣọ yín ti tutù." Mo fi ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ bo àyà mi, mo sì jáde. Bí mo ṣe ń lọ ni ẹ̀rín bú lẹ́yìn mi.

Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Kí n tó bímọ, tíṣà kan wà tí a jọ ń jókòó sídìí tábìlì kan náà, òun náà ń fọ́mọ lọ́mú nígbà yẹn. Aṣọ rẹ̀ máa ń rùn bí wàrà tó ti kan. Mo gbé àga mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo parọ́ pé oòrùn ń pa mí níbẹ̀. Ó mọ̀. Kò pẹ́ tó fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Fìríìjì kan ṣoṣo ló wà ní yàrá àwa tíṣà. Ẹni tó sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá lórí rẹ̀ ni tíṣà ìṣirò, ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ìjọba kó tó wá sọ́dọ̀ wa. Àgbà ni. Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n," bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe ń pè é lójú rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń rántí ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu mi kì í gbé ọ̀wọ̀ yẹn mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́, ó ṣí fìríìjì, ó sì fi ìka méjì gbé ìgò mi sókè bí ẹni gbé òkú eku.

"Ta ló ni nǹkan yìí?"

"Èmi ni, sà. Ti ọmọ mi ni."

"Omi ara èèyàn! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ mi?" Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ṣé ẹ rí nǹkan? Ohun tó jáde lára obìnrin ló wà nínú ibi tí a ń gbé ọbẹ̀ sí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó ń mu mọ́ọ̀tì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde níbẹ̀ gbé e sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Mo wo inú fìríìjì yẹn. Ẹja titus tíṣà ìṣirò wà nínú ọ̀rá tó ti lu, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ṣàn dé abẹ́, ó ti gbẹ síbẹ̀. Abọ́ ẹ̀gúsí kan wà ní igun tí kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ni ín, olú funfun ti hù lójú rẹ̀ bí òwú. Gbogbo ìyẹn kò rí ẹnikẹ́ni lára. Ti èmi ló rí wọn lára.

Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ni ilé ìwé. Ó gbọ́ ọ, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ìyá ìkókó, wá ọ̀rá dúdú kan, kí o máa dì í sínú rẹ̀ kó má baà hàn sójú. Kí o sì máa gbé e sí ìsàlẹ̀ pátápátá." Ìdájọ́ náà nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń di oúnjẹ ọmọ mi sínú ọ̀rá dúdú, bí ìgbà tí mo fẹ́ gbé nǹkan àlèébù lọ dànù, mo sì ń gbé e sí ìsàlẹ̀, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ẹja ń kán sí.

Àárín oṣù kejì tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ni Àpólò wọ ilé ìwé wa. Ẹ mọ bí Àpólò ṣe máa ń ṣe, ó bá ọmọ kan lójú lónìí, ó bá ogún lọ́la. A ń dá àwọn ọmọ padà sílé lójoojúmọ́. Tíṣà ìṣirò náà gbé awò dúdú sójú wá síbi iṣẹ́. A ní kó lọ sinmi, ó ní òun kì í ṣe ọmọdé.

Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí i, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá ìyá ọkọ mi ní ẹnu ọ̀nà, ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti wú. Ipin ofeefee ti lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀, kò lè là á, ó ń fi orí gbá aṣọ ìyá àgbà kiri, ó ń wá ọmú bí afọ́jú.

"Ìwọ lo gbé e bọ̀ láti ibi iṣẹ́," ni wọ́n sọ. "Fún ọmú sí i lójú. Òun ni oògùn rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì náà ti kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé ọmọ lọ bá a. Ó fi òwú tútù tó rẹ sínú omi tí wọ́n ti sè nu ojú náà, ó fún wa ní oògùn ìkán-sójú, ó sì béèrè bóyá ojú èmi náà ń dùn mí. Kò dùn mí. Ó ní ìyẹn yà á lẹ́nu díẹ̀. Ọkọ mi kò ní in, ìyá ọkọ mi kò ní in. Mo ṣáà ń fọ ọwọ́ mi títí awọ rẹ̀ fi fẹ́ bó. Mo gbà pé èmi ni mo fi ara gbé e wálé.

Ohun mìíràn wà tí mo ṣàkíyèsí ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí mo bá fẹ́ gbé ìgò mi lọ sílé, omi inú rẹ̀ kì í dé ibi tí mo fi í sí mọ́. Ìdì ọ̀rá náà kì í rí bí mo ṣe dì í. Mo rò pé orí mi ló ń dàrú, nítorí pé oorun kò tó mi.

Ọjọ́bọ̀ kan, gbogbo ilé ìwé wà ní pápá fún eré ìdárayá. Mo gbàgbé fèrè tí mo fẹ́ fi ṣe olùdarí eré àwọn kékeré, mo sáré padà sí yàrá àwa tíṣà. Tíṣà ìṣirò wà níbẹ̀ lóun nìkan. Ó gbé awò dúdú rẹ̀ sí iwájú orí. Ó fi ọwọ́ òsì gbé fóònù sókè, ó tan kámẹ́rà rẹ̀, ó fi ń wo ojú ara rẹ̀ bí dígí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi gbé ìgò ọmọ mi, ó gbé orí sẹ́yìn, ó da ìgò náà kodò, ó sì fi ọmú rọ́bà rẹ̀ ti ìpéǹpéjú rẹ̀ ìsàlẹ̀. Ojú náà pọ́n bí ẹran. Ipin ti dì sí igun rẹ̀, omi ọyàn mi ń ṣàn gba inú ipin náà kọjá lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí kò fá. Ó ń tẹ ìgò náà, ó ń ṣẹ́jú, ó ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ara ń tù.

"Sà, kí lẹ ń ṣe?"

Kò tilẹ̀ ta gìrì. Ó rọra sọ orí kalẹ̀. "Háà, ìyá ìkókó. Má bínú o. Ojú yìí ló ń dà mí láàmú. Àwa táa dàgbà mọ̀ pé omi ọyàn ni oògùn rẹ̀."

"Ìgò ọmọ mi nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ẹ̀kán méjì, mẹ́ta ni mo ń lò. Kò ba nǹkan kan jẹ́."

"Láti ìgbà wo, sà?"

Ó ronú. Ó ronú ní tòótọ́, bí ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ bi ní ìbéèrè tó dára. "Á tó ọjọ́ mẹ́jọ. Òwúrọ̀ àti ọ̀sán."

Ó wá fa etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde láti inú ṣòkòtò, ó fi nu orí ọmú rọ́bà náà, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ó dé e, ó ti ìgò náà padà sínú ọ̀rá dúdú, ó sì dì í. Ó na ọ̀rá náà sí mi kí n bá òun gbé e padà sínú fìríìjì.

Mi ò rántí bí mo ṣe dé ìta. Mo ṣáà bá ara mi lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, mo ń bì. Mo bì títí tó fi jẹ́ omi kíkorò nìkan ló ń jáde. Kì í ṣe ojú rẹ̀ ló ń gbé èébì sí mi lọ́fun. Ọmọ mi ni mo ń rò, bó ṣe máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di ìgò yẹn mú nígbà tí ìyá ọkọ mi bá sinmi ṣíbí, bó ṣe máa ń fa orí rọ́bà náà títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á fi jìn. Ọjọ́ mẹ́jọ. Òwúrọ̀ àti ọ̀sán.

Obìnrin tó ni ilé ìwé ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ kó tó gbọ́rọ̀ mi. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ta ló tún gbọ́?"

"Kò sí ẹnì kankan, mà."

"Jọ̀ọ́, jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Bí àwọn òbí bá gbọ́, wọ́n á ní a ò mọ́ tónítóní. Àgbàlagbà ni bàbá yẹn, wọn ò mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Àti pé, ká sọ òótọ́, bí o kò bá gbé e síbẹ̀, wọn ò ní rí i lò."

Mi ò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní mi ò ní gbé ìgò wá mọ́, àti pé bí ọmú mi bá kún, màá fún un dànù lójú gbogbo èèyàn. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. Mo jáde, mo sọ ìgò náà sínú iná tí wọ́n fi ń sun ìdọ̀tí, mo sì dúró títí ó fi yọ́.

Mo sọ fún ọkọ mi ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní, "Irú kí lèyí?" ó mi orí, ó ní kí n fara balẹ̀. Mi ò sọ fún ìyá ọkọ mi, nítorí pé bí mo bá sọ ọ́, n ó ní láti sọ ibi tí mo ti ń fún un pẹ̀lú.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni tíṣà ìṣirò wá sílé wa, pẹ̀lú awò dúdú rẹ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ẹ̀yà kan. Kò wá bẹ̀ mí. Ọkọ mi ló wá bẹ̀. Mo wà ní yàrá, ọmọ wà lẹ́nu ọmú, mò ń gbọ́ wọn ní pálọ̀.

"Ọkọ ìyàwó, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mo bá ọmọ yín pín díẹ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀ ni."

Ọkùnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ti ọkọ mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Ìyá ọkọ mi ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń fẹ́ ẹ̀wà ní ẹ̀yìn ilé, wọ́n sì wọlé pẹ̀lú atẹ lọ́wọ́. "Oúnjẹ wo lẹ bá ọmọ pín?"

Ó ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó rò pé, nítorí pé wọ́n dàgbà, wọ́n á gbè é. Ó tilẹ̀ sọ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ ọn, pé omi tí a fún níbi tí a ti ń yàgbẹ́, kí ló tún lè bà á jẹ́.

Bí inú bá bí ìyá ọkọ mi, wọ́n máa ń sọ èdè ilé, Ifẹ̀ pọ́ńbélé tí èmi tí mo wá láti Ìṣẹ́yìn kì í gbọ́ tán. Mo gbọ́ "ojú," mo gbọ́ "ọmọ ọmọ mi," mo gbọ́ "dìde." Nígbà tí mo jáde, ọkùnrin náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ abíyá. Ìyá ọkọ mi bu omi ọṣẹ, wọ́n sì ń fọ àga tó jókòó lé, ẹsẹ̀ àga, ọwọ́ àga, gbogbo rẹ̀. Wọn ò gbójú sókè.

"Nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀," ni wọ́n wí.

"Ẹ má bínú, mà. Ojú ló tì mí."

"Kì í ṣe ìwọ lojú yẹ kó tì." Wọ́n fún aṣọ náà gbẹ. "Èmi náà sì ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí mo bá ń fún un."

Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí aago ìsinmi ọ̀sán lù, mo rí wọn ní géètì ilé ìwé. Wọ́n pọn ọmọ, wọ́n gun ọ̀kadà láti Ìrẹmọ. Wọ́n gba àga maigádì, wọ́n jókòó, wọ́n sọ ọmọ kalẹ̀, wọ́n sì pè mí kí n wá fún un lọ́mú. Mo fún un níbẹ̀, lábẹ́ ògiri, lójú àwọn òbí tó ń wá mú ọmọ wọn. Obìnrin tó ni ilé ìwé sáré jáde, ó ń fi ipá rẹ́rìn-ín, ó ní kí Màmá jọ̀ọ́ máa bọ̀ nínú ilé, ibí kò dára.

"Kí ló dé tí kò dára?" ni ìyá ọkọ mi bi í. "Ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló dára?"

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà ní kí wọ́n ṣí yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí, kí wọ́n gbá a. Yàrá náà ní fèrèsé méjì. Kò sí ìgbà kan tí kò sí níbẹ̀. Ibẹ̀ ni a ń lò, èmi àti ọmọ àti ìyá àgbà rẹ̀, lójoojúmọ́ iṣẹ́, títí ọmọ fi pé ọdún kan àti oṣù mélòó kan, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ ẹ̀bà.

Ọkọ mi tọrọ àforíjì ẹ̀rín rẹ̀. Mo gbà á, ṣùgbọ́n ó pẹ́.

Tíṣà ìṣirò fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ìparí ọdún náà, ó ní ọjọ́ orí ti ń dé. Ojú rẹ̀ ti san. A ṣe ìpàdé ìdágbére fún un, wọ́n pín ohun mímu, mi ò mu. Ó ń lọ káàkiri, ó ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Nígbà tó dé iwájú mi, tó na ọwọ́ rẹ̀, mo yára kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo ní, "Ó dàbọ̀, sà." Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó yíjú sí àwọn tó kù, ó ní kí wọ́n wo ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé.